Ọkọ Mi Tó Ń Tọ́jú Ìyàwó Oníyàwó

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀ o! Mo ti fara balẹ̀ títí, ara ò gbà á mọ́. Àbúrò yín tí mo fi ṣe ọkọ, ìyàwó oníyàwó ló ń tọ́jú kiri ìgboro! Mò ń jowú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde lẹ́nu, mò ń jowú, owú náà ò sì jẹ́ kí n sùn.

Rárá o, kì í ṣe àlè. Ì bá tiẹ̀ jẹ́ àlè, ǹ bá mọ ilé tí mo máa lọ jà. Iṣẹ́ ni! Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ rẹ̀, pé wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bi àwọn obìnrin bóyá wọ́n rí ìtọ́jú gbà, bóyá nọ́ọ̀sì bú wọn, bóyá ẹnì kan dí wọn lọ́nà ọsibítù, kí wọ́n lè fi han ìjọba ibi tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ dáadáa ni, ta ló ní kò dáa? Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ohùn tó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù! "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Níbo ló ti ń dùn yín? Ẹ má kánjú, mò ń gbọ́." Mò ń gbọ́ kẹ̀! Èmi tí inú ti ń run láti ìgbà òjò, ṣé ó gbọ́ tèmi? Tí mo bá ní mo fẹ́ lọ rí dókítà, á ní, "Má dá lọ, dúró dè mí, a jọ máa lọ ni." Káàdì ọsibítù mi ń bẹ nínú báàgì rẹ̀, ó ń gbé e kiri. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ibo ló wà? Ó tẹ̀ lé aláboyún kan tí wọ́n lé ní ọsibítù padà lọ, ó dúró tì í títí wọ́n fi gbà á wọlé. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú o, ẹ̀gbọ́n mi! Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ẹ̀ fún mi, tayọ̀tayọ̀!

Ẹ dúró ná, mi ò tíì dé ibi tó ká mi lára jù. Ọmọbìnrin kan láti ibi iṣẹ́ wọn kan ilẹ̀kùn mi, kò mọ̀ pé ìyàwó ọ̀gá òun ni mí. Ó bi mí pé ta ló ń pinnu ìgbà tí mo máa lọ sí ọsibítù. Mo ní ọkọ mi ni. Ó ní ṣé mo ti fẹ́ lọ rí tí wọn ò jẹ́ kí n lọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Ẹ gbà mí, omijé ló bọ́ lójú mi!

Wọn kì í kọ orúkọ obìnrin tó bá wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn, àmì lásán ni wọ́n ń fi sórí máàpù. Lánàá ni àbúrò yín tan kọ̀ǹpútà sórí tábìlì oúnjẹ, ó ní kí n wá wo máàpù, mo rí àmì pupa kan lórí àdúgbò wa. Ó ní, "Wo ìwà ìkà! Obìnrin kan ń ṣàìsàn níbí, ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kó lọ gba ìtọ́jú. Irú ọkùnrin wo nìyẹn? Mo máa wá a rí!" Àánú obìnrin yẹn ń ṣe é débi pé kò lè jẹun. Ọlọ́run ń gbọ́, mo jowú obìnrin yẹn! Èmi gan-an ni, mo sì ń jowú ara mi!

Háà, ẹ̀rín lẹ̀ ń rín? Ẹ rín in dáadáa, kí ẹ sì dìde kí ẹ wọ bàtà. Ọsibítù là ń lọ báyìí, wọ́n á ṣe káàdì mìíràn fún mi. Bó bá pè, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé fóònù. Ẹ sọ fún un pé ẹ mọ ọkùnrin ìkà tó ń wá, pé ìyá kan náà ló bí ẹ̀yin méjèèjì!