Èmi Ni Mo Họ Inú Eyín Màmá

Àbúrò mi, gbé àpò ìyàwó rẹ sílẹ̀ ná. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí ẹ ti ní ìyàwó ń fi nǹkan sínú omi tó ń bù fún yín láti fi rẹ eyín, bí mi ò bá sì pọ̀ ọ́ lónìí, ọmọ ọlọ́mọ ló máa ru ẹrù mi kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Ẹ má dá sí i títí n ó fi parí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá tí èmi àti àbúrò mi jọ ń ṣe. Ìgbà tó yá, ó gbé omi kan dé. Ó ní irú ohun funfun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu, irú ẹ̀ wà tó ń hù lẹ́nu èèyàn, abẹ́ eyín àtọwọ́dá ló sì fẹ́ràn, níbi tó ti fara mọ́ èrìgì, torí ibẹ̀ máa ń rí ṣákiṣàki. Ó ní tí a bá kun omi náà síbẹ̀, tí a gbé e sábẹ́ iná kó gan, ibẹ̀ á máa yọ̀, ohun funfun ò ní rí ibi dì mú. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Àwa tí a pẹ́ nídìí iṣẹ́, ìta la máa ń dán, torí ìta ni oníbàárà ń wò nínú díńgí. Ta ló ń wo inú?

Màmá ló kọ́kọ́ kun eyín àtọwọ́dá tiwọn fún. Ibẹ̀ lara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Mo bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo wọlé, wọ́n dákẹ́. Fóònù àbúrò mi dún, ó jáde lọ gbé e níta. Màmá tún wá ní kí n máa sinmi díẹ̀. Sinmi kẹ̀? Mo ní wọ́n fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi nìyẹn. Títí dòní mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mi ò sì bèèrè. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tèmi ti kọjá oògùn, ó ti di májèlé.

Màmá ní kí n bá àwọn dín etí eyín náà kù, ó ń gún àwọn. Mo dín in kù. Lẹ́yìn náà mo mú sáńpépà tó le jù, mo fi họ gbogbo inú rẹ̀ títí omi àbúrò mi fi ṣí kúrò, mo tún họ ọ́ kọjá ibẹ̀. Mo wá dán ìta kó máa dán gbinrin. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Kò pẹ́, ẹnu Màmá pọ́n, funfun sì yọ lájà ẹnu wọn. Mo dúró kí wọ́n bú àbúrò mi. Wọn ò bú u. Ìyàwó rẹ̀ ló fi àánú sọ pé bóyá Màmá ń gbàgbé láti fọ eyín náà dáadáa. Ọ̀bùn ni Màmá gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó máa ń ṣan ife kó tó bu omi mu, ta ló fẹ́ pè é lọ́bùn? Bí ìyàwó bá kí wọn, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Màmá pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n bọ́ eyín sí mi lọ́wọ́.

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Mo ń fọ̀ ọ́. Wò ó fún mi, kí ló ń ṣe é?"

Mo yí i padà. Gbogbo ojú ibi tí mo họ ló wà níbẹ̀, ohun funfun ti kún inú wọn. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n dọ̀bálẹ̀.

"Màmá," mo ní, "ẹni tó ń bu omi tí ẹ ń rẹ ẹ́ sí, òun ni kí ẹ bi."

Wọ́n gba eyín wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fẹnu kan oúnjẹ tí ìyàwó bá sè mọ́.

Ìyàwó ò fi nǹkan kan sómi o. Màmá kì í ṣe ọ̀bùn, omi àbúrò mi ò sì kùnà, mi ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, bí ara bá fu yín sí ọmọ ìyá yín, ẹ bi í lójúkojú. Ẹ dárí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ò lọ síbì kan. Bó bá jẹ́ dandan kí ẹnì kan kúrò nílé yìí lónìí, ẹ fún mi láyè kí n lọ kó ẹrù mi.