Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ìbejì Ti Bàjẹ́

Alihamudulilahi! Mo ní Alihamudulilahi! Ẹ̀yin ìyá mi nínú àsàlátù, ẹ ò tíì gbé e dáadáa o. Ẹ gbé e kí wọ́n gbọ́ ọ dé Ìdèrè: Allahu Akibaru! Ẹ ṣeun. Ọlọ́hun ò ní fi ìkankan nínú wa ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ìbejì tó ń yan gàrí lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mo rí ẹ̀yin kan tí ẹ ń wo ara yín, pé, "Ìyá Ìbejì wo?" Mo gbà fún yín. Ní Igbó-Ọrà tiwa yìí, béèyàn bá ju òkò sínú ọjà, Ìyá Ìbejì ló máa bà. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ẹ fi sọ́kàn ṣá, torí ó wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí nígbà kan pé kí ló pa mí lẹ́nu mọ́, èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, ìdáhùn rẹ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Eyín ló dá a sílẹ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó nígbà náà. Eyín inú lọ́hùn-ún ń ro mí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, n ò lè la ẹnu jẹun. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di Èrúwà, ní ilé ìtọ́jú kékeré kan tí n ò ní dárúkọ. Ọkùnrin kan ni mo bá lórí àga. Wọ́n yọ eyín tiẹ̀, ó fi aṣọ bo ẹnu, ó jáde. Lójú mi báyìí ni dókítà ju ẹ̀mú tó fi yọ eyín ọkùnrin yẹn sínú abọ́ omi, ó ṣàn án, ó fi aṣọ nù ún, ó ní, "Màmá, ẹ yanu." Mo yanu. Ẹni tí eyín ń ro kì í béèrè ọ̀rọ̀. Eyín jáde, ẹ̀jẹ̀ dà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a padà sílé.

Ẹnu mi jinná. Mo ti gbàgbé pé mo ní eyín kankan tẹ́lẹ̀. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń yan gàrí, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin onímọ̀ ìlera kan ní irinṣẹ́ tí wọ́n bá fi yọ eyín ẹnìkan, tí wọn ò sè é dáadáa, lè kó kòkòrò éèdì ran ẹlòmíràn. Ọwọ́ mi dúró. Ó tún ní ìyá tó bá ní in, tí kò lo oògùn, lè kó o ran ọmọ nínú omi ọmú.

Omi ọmú kẹ̀! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Táíwò kúrò lẹ́nu ọmú ni. Omi ọmú ṣì wà létí ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Gàrí jó lórí iná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gàrí lọ́wọ́ mi, ẹ mọ̀ pé gàrí mi kì í jó.

Lọ́jọ́ kejì, mo dọ́gbọ́n yọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìlera wa níbí. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin onírẹ̀lẹ̀, ló gbọ́ tẹnu mi. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má sunkún. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ná." Ó fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kí n lọ jókòó síta.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn obìnrin méjì wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ìbejì dání. Ìgbà tó ṣe, mo gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì yẹn lójú fèrèsé, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ nínú ilé: "Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ìbejì yẹn ti bàjẹ́ o. Ẹ bá mi pè wọ́n."

Lá iláha ila Allahu! Ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́!

Ẹ wá gbọ́ àdúrà tí mo gbà lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Mo wo àwọn obìnrin méjì náà. Mo ní, "Ọlọ́hun, Ìyá Ìbejì làwọn náà. Jẹ́ kó jẹ́ ti ọ̀kan nínú wọn." Mo wo ọmọ wọn, mo sì gba àdúrà yẹn. Kí Ọlọ́hun foríjì mí. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi láàárọ̀ yẹn, ọmọ ni àwọn ní tiwọn gbé wá wọ̀n. Mo dìde. Kí ẹnikẹ́ni tó yọjú láti pè mí, mo ti wà lórí ọ̀kadà. Mo sì pa fóònù mi.

Ẹ̀rù! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ò dáa. Mo ya ṣíbí mi sọ́tọ̀, mo ya abọ́ mi sọ́tọ̀. N kì í gé èékánná àwọn ọmọ mọ́. Bí mo bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, n kì í fẹ́ gbé e sókè. Bí mo sọ fún ọkọ mi, ta ni yóò gbà pé eyín ni? Bí obìnrin bá ní irú àrùn yẹn, ohun tí ayé kọ́kọ́ máa bi í ni pé níbo ló ti gbé e wá. Ọkọ mi rí i pé mò ń sá fún òun, ó bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?" Mo ní kò ṣẹ̀ mí. Ó gbé àdá rẹ̀, ó gba oko lọ.

Mo já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ̀kọ ni mò ń fún wọn mu. Wọ́n á sunkún, wọ́n á máa fa ẹ̀wù mi láyà, èmi náà á máa sunkún. Ọmú kò mọ̀ pé a ti já ọmọ, ó ń kún ni. Mò ń lọ ẹ̀yìnkùlé, mò ń fún un dà sídìí ìbẹ́pẹ. Oúnjẹ ọmọ mi! Mo rò pé kò sẹ́ni tó rí mi.

Ìyá ọkọ mi rí mi. Ó ní, "Ìyàwó, kí làwọn ọmọ yìí ṣe tí o fi já wọn lẹ́nu ọmú?"

Mo ní, "Màmá, ọmú ló ń dùn mí."

"Ọmú tó ń dùn ọ́ lò ń fún fún ìbẹ́pẹ mu? Ṣé ìwọ lo bí ìbẹ́pẹ yẹn ni?"

Màmá ò bínú. Ohun tó sọ kò ju pé, "Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Lọ́la ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ. Bí o ò bá lọ, èmi á gbé wọn lọ."

Bí Màmá bá dá lọ, tí nọ́ọ̀sì bá rí i ńkọ́? Bó bá sọ ọ́ fún un ńkọ́? Ẹ ò rí i, ẹ̀rù ló lé mi kúrò níbẹ̀, ẹ̀rù náà ló tún lé mi padà. Mo tẹ̀ lé wọn.

A ò tíì jókòó tí nọ́ọ̀sì yẹn fi rí mi. "Ìyá Ìbejì! Ibo lẹ wọlé sí? Mo pè yín títí, fóònù yín ò lọ. Mo jáde wá yín, mo ní kí wọ́n júwe ilé Ìyá Ìbejì tó ń yan gàrí fún mi. Ilé tí wọ́n mú mi dé kò lóǹkà, kò sì sí èyí tí mo dé tí n ò bá Ìyá Ìbejì!"

Ó fà mí wọnú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ mi ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi."

Ó fà mí dìde. "Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò mà ni, Màmá! Ó dì mọ́nú ìgò, a ò sì lè fi yẹ nǹkan kan wò mọ́. Mo fẹ́ pè yín kí n tún òmíràn gbà ni."

Ẹ má tíì kí Allahu Akibaru. Ẹ dúró. Ẹ̀rù mi ò tíì tán, torí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó já abẹ́rẹ́ tuntun lójú mi, ó gún mi níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí nǹkan pẹlẹbẹ kan. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìlà kan ló yọ, kò sí nǹkan kan. Bó bá di méjì, a ó jọ sọ̀rọ̀."

Èmi rèé, ọmọ ìlú ìbejì, tó jẹ́ pé méjì là ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun látọjọ́ táláyé ti dáyé! Èmi ni mo di ojú, tí mò ń wí pé, "Ọlọ́hun, má ṣe é ní méjì. Lónìí nìkan, má ṣe é ní méjì." Eyín tó kù lẹ́nu mi ń lu ara wọn.

"Ẹ lajú, Màmá."

Ìlà kan! Ìlà kan ṣoṣo! Ẹ wá kí i wàyí: Allahu Akibaru! Ọba tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́!

Nọ́ọ̀sì ní ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí wọ́n yọ eyín, kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní ṣíbí àti abọ́ kì í kó o ranni. Ó sì bá mi wí: "Ká ní ẹ ní in pàápàá, oògùn wà níbí, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ìyá ń lò ó, wọ́n ń bímọ, ara ọmọ wọn dá ṣáká. Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ tètè sáré wá, kó má tó ọjọ́ mẹ́ta, oògùn tó ń dènà rẹ̀ wà. Sísá tí ẹ sá yẹn ló léwu."

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́, igbe ta. Ọmú mi gbọ́ igbe wọn, ó rin ẹ̀wù mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn kan náà, mo gbé Táíwò sí i, ó gbá a mú. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ gbójú kúrò. Àgbà ni, ó mọ ohun tí mo ṣe fún un. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì ni ó tó dárí jì mí. Màmá wò wá, ó ní, "Ìbẹ́pẹ á gbààwẹ̀ báyìí." Nígbà tí ọkọ mi dé láti oko ni mo tó rò gbogbo rẹ̀ fún òun àti ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹni tó wà nínú irú ìbẹ̀rù yìí, Ọlọ́hun á mú ọ bọ́. Má ṣe sá. Lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ìlà kan, ọpẹ́ ni. Bó bá di méjì, oògùn wà, ẹ̀mí sì wà.

Ìyá Ìbejì kan lè wà láàárín wa tó jẹ́ pé tiẹ̀ ò ní jẹ́ ẹ̀jẹ̀ inú ìgò. Ìyá mi, èmi ni mo gbàdúrà pé kó jẹ́ tìrẹ lọ́jọ́ yẹn. Wá bá mi lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kí a jọ lọ. Màá jókòó tì ọ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, n ò sì ní dìde kí wọ́n tó pè ọ́.