Irin Tó Ń Ta Wá Nínú Yàrá Irúgbìn

Bí ẹnikẹ́ni bá tún kí mi ní "ẹ kú ewu" ládùúgbò yìí, mi ò mọ̀ bóyá mi ò ní bú onítọ̀hún. Ẹ má wò mí bí aláìmoore o. Inú ló ń bí mi. Ó ń bí mi débi pé bí mo bá ń fọ abọ́ tí mo rántí, abọ́ á fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n pè mí síwájú ìjọ, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe lò mí láti já ẹ̀gbọ́n mi gbà lọ́wọ́ iná mànàmáná. Èèyàn pàtẹ́wọ́! Ìyá kan tilẹ̀ jó wá dì mọ́ mi. Mo gba máìkì, mo ní Ọlọ́run tóbi, mo dá máìkì padà, mo lọ jókòó. Ẹ̀rí wo ni mo fẹ́ jẹ́? Ẹni tó ti èèyàn sómi tó tún fà á jáde, ṣé olùgbàlà ni wọ́n ń pè é ni? Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lórí máìkì ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí rí.

Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀ ní ilé ìwé aládàáni kan nítòsí Ìgàndò. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé náà pa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú irúgbìn hù tà: ata rodo, ṣọ̀ǹbọ̀ àti tòmátì. Màá gbin kóró rẹ̀ sínú ike pẹlẹbẹ, tó bá ti yọ ewé márùn-ún sí mẹ́fà, àwọn tó ń dáko lápá ìta àti àwọn tó ń gbin ata sínú àpò síwájú ilé wọn á wá rà á. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ibo ni èèyàn ti fẹ́ rí oòrùn ládùúgbò wa? Gbogbo àgbàlá ni wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bò, aládùúgbò wa kọ́ ilé alájà mẹ́ta dí wa lójú, ìwọ̀nba tó bá sì hù, ewúrẹ́ onílé á ti fi jẹun àárọ̀. Orí fóònù ni mo ti rí àwọn tó ń gbin nǹkan sínú yàrá, tí wọ́n ń fi gílóòbù gígùn kọ́ sókè rẹ̀, tí iná á máa ṣe iṣẹ́ oòrùn. Mo fi han ọkọ mi. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́. "Wọ́n" ni mo máa ń pè é, bí ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pe ọkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè, "ó" ni màá pè é lónìí. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan, fáìlì ló ń tò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ̀ láyé yìí. Ó mọ iṣẹ́ púlọ́ńbà ju púlọ́ńbà lọ, ó mọ iṣẹ́ dókítà ju dókítà. Èmi ti kọ́kọ́ pe Ràṣídì, oníwáyà tó ń wáyà ilé ní òpópónà wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí tí kì í pariwo. Ó wo yàrá, ó wo àgbékà irin mẹ́ta tí a rà láti to àwọn ike irúgbìn sí, ó ní, "Ẹ gbọ́, Mà, omi àti irin àti iná kì í ṣọ̀rẹ́ o. Wáyà tó ní ẹ̀ka mẹ́ta nínú la máa lò. Ẹ̀ka kẹta yẹn, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ara irin la máa dè é mọ́, ká gbé e dé ilẹ̀, pé bí iná bá ṣìnà, ilẹ̀ ni kó gbà, kó má gba ara èèyàn. Màá tún fi súìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ síbẹ̀." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ràṣídì, nítorí gílóòbù lásán-làsàn? Ṣé tiransífọ́mà lo fẹ́ rì mọ́lẹ̀ fún wa ni?" Ó ní òun ti wo fídíò mẹ́rin. Ràṣídì wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Kò burú, Sà," ó bá tirẹ̀ lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àmọ́ ọkọ mi ò fẹ́ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n.

Ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ló fi ṣe é. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń so sípíkà ló lò, èyí tó ṣẹ́kù nígbà ìsọmọlórúkọ àbígbẹ̀yìn wa. Eyín ló fi ń bó wáyà! Á lọ́ ọ pọ̀, á fi téèpù dúdú wé e, ó wá gbé e kọjá lórí etí irin tó mú bí abẹ, láìfi rọ́bà kankan sí i lábẹ́. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lóòótọ́, àmọ́ kò so nǹkan kan mọ́ ẹsẹ̀ kẹta, ẹwà lásán ló wà fún. Ó tan iná, yàrá mọ́lẹ̀ kedere, àwa méjèèjì pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà pàtẹ́wọ́. Kò pé oṣù méjì tí irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Bí mo bá ti bu omi sí ata tán tí ọwọ́ mi kan irin, ó di kí ó ta mí títí dé ìgúnpá. Mo sọ fún un. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Ṣebí fíríìjì ìyá mi náà máa ń ta èèyàn. Ta ló ti pa? Wọ sílípáàsì jàre." Ó ra sílípáàsì rọ́bà méjì, búlúù kan, pupa kan, ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó parí nìyẹn! Ọ̀rọ̀ bùṣe!

Ẹ má sì jẹ́ kí n da gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Ta ni kò ṣe irú rẹ̀ rí nínú wa? Ilé mélòó ni mo ti wọ̀ ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá tí wọ́n ti sọ fún mi pé, "Ẹ wọ bàtà kí ẹ tó ṣí fíríìjì yẹn o, ó máa ń ṣe báyẹn"? À ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ajá tó ń gbó! A ó lé oníwáyà, a ó ra sílípáàsì. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa sùn, a tún ń hanrun. Mo kọ́ àwọn ọmọ mi láti wọ̀ ọ́, mo kọ́ àwọn oníbàárà. Ó mọ́ mi lára débi pé ẹsẹ̀ mi á ti wọ sílípáàsì kí orí mi tó mọ̀ pé mo ti dé yàrá náà. Èmi tí mo fi sáyẹ́ǹsì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Ìtìjú gbáà!

Nígbà tó yá, ibà dá mi wólẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wá láti Ìjẹ̀bú láti tọ́jú mi. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Aránṣọ ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n fi iṣẹ́ ìránṣọ rán mi níwèé lẹ́yìn ikú ìyá wa, kò sí aṣọ ilé ìwé tí mo wọ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ wọn ló rán an. Àǹtí ò fara mọ́ ọkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí n tó ṣègbéyàwó, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ọkùnrin tí kì í sọ pé òun ò mọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jìyà ohun tí kò mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò gbàgbé rẹ̀. Nítorí ẹ̀, nígbà tí wọ́n rí yàrá irúgbìn tí wọ́n ń yìn mí pé, "Háà! Ata nínú yàrá! Orí ẹ pé o," mo fi ọkọ mi yangàn. Mo ní òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iná yẹn. Ẹnu mi kọ̀ láti fi kún un pé, "Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan irin o." Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ lọ́jọ́ kìíní. Kí ojú má tì mí ni mi ò fi la ẹnu. Kò sí ìdí mìíràn.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni. Mo dùbúlẹ̀, ara mi gbóná. Àǹtí ní kí n má dìde, àwọn máa bá mi bomi rin ata. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí sílípáàsì méjì tí a tò sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí ẹ rí bàtà nílẹ̀, kí ni ẹ máa ṣe? Ẹ ó bọ́ tiyín! Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àǹtí bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn, wọ́n tò ó ti méjì yòókù, wọ́n wọlé lẹ́sẹ̀ lásán. Wọ́n tún kọ́kọ́ fi omi nu ilẹ̀, torí wọn kì í ṣiṣẹ́ nínú ìdọ̀tí. Kò sí iná nígbà náà. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ àdúgbò pariwo pé iná dé. Orin dákẹ́. Mi ò gbọ́ igbe kankan, agolo omi ni mo gbọ́ tó jábọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Bàtà mẹ́ta ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, mo bá Àǹtí nínú yàrá náà, ọwọ́ ọ̀tún wọn lẹ̀ mọ́ irin, ara wọn ń gbọ̀n, ojú wọn là sílẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò rí mi. Mo fẹ́ fò mọ́ wọn, Ọlọ́run ló dá mi dúró. Mo sáré lọ sídìí mítà, mo já súìṣì ńlá wálẹ̀. Wọ́n ṣubú gbì.

Wọ́n yè. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, àmọ́ ìka méjì lọ, àtàǹpàkò ò sì lè ká mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún aránṣọ! Kí ni wọ́n fẹ́ fi di sísọ́ọ̀sì mú? Ẹ gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Kò ní, "Yéè, mo ti ṣe é." Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n bọ́ bàtà?" Ọlọ́run ló yọ ọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn! Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá mi bú u, torí èyí tí èmi alára ṣe burú ju tirẹ̀ lọ. Kí ẹbí wa tó dé láti Ìjẹ̀bú, mo kó sílípáàsì méjèèjì sínú ọ̀rá dúdú kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irin ń ta èèyàn, mo gbé e fún ọkùnrin tó ń fi ọmọlanke kó ìdọ̀tí lọ sí ààtàn Solous. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi so ọ̀rá náà. Nígbà tí àbúrò bàbá wa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní, "Wọ́n fi ọwọ́ tútù kan iná ni, Bàbá. Wọn ò mọ̀." Bàbá náà mi orí, wọ́n ní, "Ó mà ṣe o. Àìmọ̀kan burú." Bó ṣe di pé ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe ara wọn léṣe nìyẹn, tí èmi sì di akọni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi tún gun àga. Ó fi téèpù tuntun wé wáyà yẹn, ó ní òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń béèrè ata, kí a tan iná padà. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo mú ọ̀bẹ, mo gé wáyà náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú rẹ̀. Ó ní orí mi ti dàrú, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé mi lórí. Ìyẹn náà ní kí n ní sùúrù, pé ọkọ lolórí aya. Sùúrù! Sùúrù ni mo ní tí mo fi wo ilẹ̀ nígbà tí Ràṣídì ń wò mí. Mo lọ bá Ràṣídì fúnra mi, mo bẹ̀ ẹ́. Kò bú mi. Ó wá, ó ṣa wáyà tí mo gé, ó fi ibi tó ti ń ha etí irin hàn mí, bàbà inú rẹ̀ ti yọ síta. Ó ní, "Èyí ló ń ta yín látìgbà yẹn, Mà." Nǹkan tí kò tó èékánná! Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, irin tó bá ń ta yín, bàtà kọ́ ló ń fẹ́, oníwáyà ló ń fẹ́. Ẹ lọ pa iná láti ìdí mítà lónìí, kí ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan náà mọ́ títí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ á fi dé. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí àlejò máa wọlé. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ló gbé mi wá bá yín. Lánàá, Àǹtí pè mí. Wọ́n ní àwọn ti fún ọmọ iṣẹ́ àwọn ní ẹ̀rọ ìránṣọ, pé ọwọ́ òsì ò gbọ́ràn. Wọn ò sọkún, èmi ni mo ń sọkún. Wọ́n béèrè àwọn ata. Mo ní gbogbo rẹ̀ ti kú nígbà tí a wà lọ́sibítù. Wọ́n wá ní, "Àbúrò mi, dárí jì mí. Àìmọ̀kan mi ló ba iṣẹ́ ẹ jẹ́. Ǹ bá ti béèrè kí n tó fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan." Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ibi tí òtítọ́ bá mi lánàá nìyẹn, mo sì tún sá fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú? Ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ? Nítorí ẹ gbọ́ èsì tí mo fún wọn. Mo ní, "Kò burú, Àǹtí. Mo ti dárí jì yín."