Mo Ṣọdẹ Ẹni Tó Sọ Òtítọ́ fún Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti bi ẹnìkan ní ìbéèrè rí, kó dá yín lóhùn bó ṣe rí gan-an, kí ẹ wá bínú sí i? Èmi ti ṣe é. Títí di òní, bí mo bá rí Ìyá Ṣeun ní apá kejì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ojú a máa tì mí. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ó ń kí mi o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìkíni ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà ni.

Gàrí ni mo ń ṣe ní Ìkọ̀lé níbí. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó fún un, a ó yan án, n ó sì rọ ọ́ sínú ọ̀rá tí mo ń fi iná lẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ará ìjọ wa àti àwọn tó wà ní yunifásítì ló ń rà á jù. Nígbà òjò èṣí, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ẹni tó ń ra ọ̀rá mẹ́ta ń ra ẹyọ kan, ẹlòmíràn a ní òun ṣì ní nílé. Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀. Bùnmi, ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn, ló pè mí pé, "Màámi, àdúrà dáa, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn oníbàárà yín. Abèèrè kì í ṣìnà."

Ó ṣe fọ́ọ̀mù ìbéèrè kan sórí fóònù. Bí èèyàn bá ti tẹ líǹkì rẹ̀, á ṣí, á sì dáhùn láìkọ orúkọ. Òkè rẹ̀ ni Bùnmi kọ ọ́ sí pé: "A kò ní wádìí ẹni tó sọ ohunkóhun." Ó ní kí n ṣèlérí pé n ó pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Mo ní, "Níwájú Ọlọ́run, mo ṣèlérí." Ẹnu mi ló sọ ọ́ o!

Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá àwọn tí kò rà mọ́. N kò gbọ́. Àwọn obìnrin ìjọ wa nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì tún pè wọ́n: "Ṣé o ti dáhùn?" Àwọn màmá tí kò mọ̀wé, èmi fúnra mi ni mo jókòó tì wọ́n tí mo ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ta ló máa wojú mi kó ní gàrí mi kò dáa? "Ẹ kú uṣẹ́ o, Olúwa á fún yín ṣe," ni wọ́n ń wí. Màmá àgbà kan tilẹ̀ bi mí pé, "Ṣé ìjọba ló fẹ́ fún wa ní nǹkan ni?" Mo ka àwọn ìdáhùn náà, inú mi dùn, àfi bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo ń yin ara mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìdáhùn kan wọlé: "Gàrí yín ti ń ní òórùn láti ìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀. Kò jọ pé ó ń tutù tán kí ẹ tó dì í. Mi ò lè sọ ọ́ lójú yín nítorí oore tí ẹ ṣe fún mi." Orí mi gbóná. Ìyá Ṣeun nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ yẹn. Òun tí mo dúró tì nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú!

Lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin, lójú gbogbo ẹgbẹ́, mo ké sí i: "Ìyá Ṣeun, gàrí mi ló ń rùn? Nígbà tí ò ń mu ún lọ́fẹ̀ẹ́, imú rẹ dí ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá Bùnmi, ẹ ní ẹ ò ní wádìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí mo délé, mo já ọ̀rá kan tí mo ti dì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí n tó gbé e dé imú ni òórùn rẹ̀ ti pàdé mi. Òótọ́ ni! Nítorí òjò, n kò ríbi sá gàrí sí. Bó ṣe ń kúrò lórí agbada ló ń wọ ọ̀rá, ooru rẹ̀ á sì di omi sínú ibẹ̀. Mo lọ bẹ Ìyá Ṣeun. Ó ní òun ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Nígbà tí mo tún fi ìbéèrè ránṣẹ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹnìkan ṣoṣo tó dáhùn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n dójú ti òun níwájú ìjọ?

Lọ́dún yìí, Bùnmi ló ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ láti orí fóònù tirẹ̀, sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, sí àwọn olùkọ́, sí àwọn tó ti kọ̀ mí sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìkan ló ń kà fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ gbọ́ tèmi: bí ẹ kò bá ní lè gbé ìdáhùn mì, ẹ má bèèrè.

Lóṣù tó kọjá, ó ka ọ̀kan fún mi: "Gàrí ti dáa báyìí, ṣùgbọ́n màmá tó ń tà á a máa jágbe mọ́ èèyàn." Mo mọ ẹni náà lójú ẹsẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ni mo jágbe mọ́ lóṣù náà, nítorí ó ní òun fẹ́ tọ́ gàrí wò kí òun tó rà á. Bùnmi ń retí ohun tí n ó sọ. Mo ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́."

Obìnrin yẹn padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo bu gàrí sí i lọ́wọ́ pé kó tọ́ ọ wò. Ó wojú mi fín-ín-fín. N kò bi í ní nǹkan kan.