Máṣíìnì Mi Tó Ń Kú ní Gbogbo Mọ́ńdè

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i. Ó tó. Èmi fúnra mi ò lè pariwo lónìí, ẹ má bínú sí mi. Ó rẹ̀ mí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ti máṣíìnì lábẹ́ oòrùn, ohùn gan-an máa ń rẹ ẹni tó bá ti í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Olúwa bá dá mi lóhùn, màá dìde sọ ọ́ níwájú ìjọ. Ó ti dá mi lóhùn. Ọ̀nà tó gbà dá mi lóhùn ń tì mí lójú díẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Bàbá Bọ́sẹ̀, tí mo máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹta yẹn. Ìyàwó mi ló wà níwájú níbí, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Ìlútítun yìí, ẹ ti jẹ púpurú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Púpurú tí ìyá yìí bá mọ, tó bá yan án lórí iná tán, ẹ ó rò pé ẹnì kan fi nǹkan wọ̀n ọ́n ni, gbogbo rẹ̀ máa ń rí rìbìtì bákan náà. Òun ni mo fi ń yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá, àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń gbo ẹ̀gẹ́, ó kàn jókòó sílẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wọ́ ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọlọ́run ò jẹ́ ká sin ín, ẹ ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn dì pa, ó dì bí ìgbà tí ọmọ tuntun bá di ìka mú. Ní ọsibítù ní Òkìtìpupa, obìnrin tó ń bá wọn na apá na ẹsẹ̀ níbẹ̀ sọ fún mi pé Mọ́ńdè àti Tọ́sìdè ni ká máa wá. Ó ní, “Bàbá, ẹ má pa ọjọ́ kankan jẹ o. Ọwọ́ yìí ti ń gbọ́. Tí ẹ bá ń fi í sílẹ̀, yóò tún dì padà, ó sì lè má là mọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sinmi láti ọjọ́ náà.

Mọ́tò ò ṣeé gbé e wọ̀. Ẹ mọ takisí wa, ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n máa ń kó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ tí kò ká ò lè wọ ibẹ̀. Máṣíìnì mi ló kù. Màá gbé e gun orí ìjókòó, màá fi ọ̀já dè é mọ́ ẹ̀yìn mi, màá so ó ní àyà. Àwọn èèyàn ń fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀, ọmọ yín mà ti dàgbà o!” Mo ń dá wọn lóhùn pé òun náà ló ń pọ̀n mí láti ọdún yìí wá, ó ti kàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti máṣíìnì. Ó ti pẹ́. Mo rà á nígbà tí Bọ́sẹ̀ ń rákò, Bọ́sẹ̀ ti bímọ báyìí. Tí bátìrì rẹ̀ bá ti kú, ẹ́ńjìnnì náà ti kú nìyẹn, kíkì títí ẹsẹ̀ á fi bó kò lè jí i. Bátìrì yìí ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀ sí mú. A ó máa lọ jẹ́jẹ́, họ́ọ̀nù á kọ́kọ́ máa ké bí ewúrẹ́ tí òtútù mú, iná iwájú á pọ́n, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Màá sọ ìyàwó mi kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, màá wá ẹni tí yóò bá wa gbé e, màá padà wá ti irin.

Mo gbé e lọ fún mẹkáníìkì wa. Ó fi mítà sí i, ó ní, “Bàbá, ó ń ṣáàjì dáadáa.” Mo fi ojú ara mi rí i, ó ń ṣáàjì lóòótọ́! Mo gbé e lọ ilé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún kú. Mẹkáníìkì pààrọ̀ bátìrì. Ó kú. Ó pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn àpótí irin kékeré tó wà lábẹ́ ìjókòó, tó ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì. Ó kú. Ó tú kọ́ìlì, ó wé òmíràn. Máṣíìnì yìí tún kú. Tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ara rẹ̀ á dá ṣáṣá. Tí a bá dé ojú ọ̀nà, ó di òkú. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sábẹ́ ìjókòó, ó ní, “Ibi rẹ́gúlétọ̀ yìí lẹjọ́ wà, àmọ́ mi ò mọ ohun tó ń ṣe é.”

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin náà mọ bí orí wa ṣe rí. Ohun tí mítà ò bá ti rí, a ti mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Mo ní ayé ni.

Lásìkò yẹn, Bàbá Aládùúrà wa tó jókòó yìí máa ń gbàdúrà sí omi oníyọ̀ fún ìyàwó mi ní gbogbo Sọ́ńdè, inú ìgò kékeré kan. Wọ́n ní kí n máa fi wẹ apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo rò ó, mo ní omi tó lágbára tó báyìí, ṣé ara nìkan ló wà fún ni? Mo pín in sí méjì. Ìdajì fún ìyàwó mi, ìdajì fún máṣíìnì. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, kí a tó jáde, màá ṣí ìjókòó sókè, màá ka sáàmù, màá da omi yẹn sí ojú ibi tí mẹkáníìkì tọ́ka sí gan-an. Kò sẹ́ni tó rán mi o. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ó bá di Tọ́sìdè, ìgò ti gbẹ, màá kàn ṣe àmì àgbélébùú lórí táńkì, a ó lọ.

Ó wá di pé Mọ́ńdè, Mọ́ńdè ni máṣíìnì ń kú. Tọ́sìdè, a ó lọ, a ó bọ̀. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wá di èyí tó burú lójú mi. Nítorí pé àárọ̀ Mọ́ńdè ni Akínbọ̀, ọmọ bàbá mi tí ilé wa jọ kángun sí ara, máa ń lọ kọ ẹyìn. Tó bá ń kọjá, á gbá ọwọ́ máṣíìnì mi pẹ́pẹ́, á ní, “Bàbá arúgbó yìí ṣì wà láyé? Ó le o!” Ó ti sọ nígbà kan rí pé kí n ta máṣíìnì náà fún òun. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ní áà, mo ti mú un.

Mi ò kí Akínbọ̀ mọ́. Ó kí mi, mo wo ọ̀nà mìíràn. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà mi, ẹ má jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní Mọ́ńdè kan, máṣíìnì kú níwájú ilé, Akínbọ̀ sáré wá láti bá mi tì í. Mo ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ohun ìní mi. Ó gbé e kúrò. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi nínú ọ̀já, ó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ó ní, “Jẹ́ kó... bá ẹ... tì í.” Mo ní kó dákẹ́. Mo ti í lọ fúnra mi. Ẹ̀dùn ọkàn ni ọjọ́ yẹn jẹ́ fún mi títí di òní.

Mọ́ńdè mélòó la ò dé ọsibítù! Obìnrin yẹn mú ọwọ́ ìyàwó mi, ó gbìyànjú láti là á, ó wò mí. Ọwọ́ náà ti tún ń dì padà.

Ìgbà tí ó kẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ. A ti dé ẹnu ọ̀nà Òkìtìpupa nígbà tí họ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí ké igbe ewúrẹ́. Mo ní, “Olúwa, jọ̀ọ́.” Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó kú. Mo tú ọ̀já, mo gbé ìyàwó mi jókòó sórí gbòǹgbò igi, èmi náà jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ọkùnrin bíi tèmi yìí! Mi ò rántí sáàmù kankan. Mo kàn ní, “Olúwa, mi ò mọ àdúrà mìíràn mọ́. Ó rẹ̀ mí. Bí ọ̀tá bá ni, mi ò lágbára láti bá a jà. Bí kì í bá ṣe ọ̀tá, fi ohun tó jẹ́ hàn mí, kódà bó jẹ́ èmi.” Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn.

Mi ò tíì nu ojú mi tán tí ẹnì kan fi pè mí láti ẹ̀gbẹ́ kejì títì. “Bàbá, kí ló ṣe é?” Ọ̀dọ̀ ríwáyà, àwọn tó ń tún wáyà iná mọ́tò ṣe, la kú sí! Ọmọ Àrògbò ni, ẹ̀yà Ìjọ́ ni, Pẹ́rẹ̀ lorúkọ rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó gbé bẹ́ńṣì rẹ̀ wá síbẹ̀. Kò tiẹ̀ wá mítà. Ó kọ́kọ́ bi mí pé ìgbà wo ló máa ń kú. Kí n tó la ẹnu, ìyàwó mi ti dáhùn láti ìdí igi. Ó ní, “Mọ́... ńdè.”

Pẹ́rẹ̀ ní, “Tọ́sìdè ńkọ́?”

Ìyàwó mi mi orí pé rárá.

Ó wá kọjú sí mi. “Kí lẹ máa ń ṣe sí i ní Mọ́ńdè tí ẹ kì í ṣe ní Tọ́sìdè?”

Mo ní kò sí. Ẹ̀yin ará, nínú sùtánà yìí ni mo ti ń jẹ́wọ́ fún yín, mo purọ́.

Ó ṣí ìjókòó. Ó fa ibi tí wáyà rẹ́gúlétọ̀ ti pàdé wáyà tó kù, ó yà wọ́n. Gbogbo inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti ní àwọ̀ ewé. Ó fi ìka kàn án, ó fi ìka sẹ́nu, ó tọ́ ọ wò! Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Iyọ̀ ni. Bàbá, omi iyọ̀ ló jẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bàbá mi ní Àrògbò, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu láti kékeré. Ta ló ń gbé òkun wá bá máṣíìnì yín ní Ìlútítun?”

Ìyàwó mi ló gbé ọwọ́ òsì tó dá sókè, ó nà án sí mi. Ó ní, “Òun... ni.” Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá tí kò rẹ́rìn-ín látìgbà tí àrùn ti mú un, ó fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó ti ń rí mi láti ojú fèrèsé ní gbogbo Mọ́ńdè yẹn. Ó ti ń gbìyànjú láti sọ ọ́ fún mi, mo ń ní kó dákẹ́.

Pẹ́rẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Tí mo bá da omi sí i, iná tó yẹ kó wọ bátìrì á máa ṣòfò sínú omi iyọ̀ yẹn. Tó bá fi máa di Tọ́sìdè, ó ti gbẹ, á tún máa ṣáàjì díẹ̀. Tí mo bá gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbẹ, mítà á ní kò sí nǹkan. Nígbà àkọ́kọ́, wáyà yẹn kàn dẹ̀ ni, ohun kékeré. Èmi ni mo sọ ọ́ di ńlá. Ó gé e kúrò, ó so tuntun, ó fi gíríìsì pa á, ó wé e. Mo gbá kíkì lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ họ́ọ̀nù, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ fò sókè! A dé ọsibítù, a pẹ́, wọ́n ṣì gbà wá.

Mo lọ bá Bàbá Aládùúrà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀, apá ìyàwó rẹ ni mo gbàdúrà sí omi yẹn fún. Ṣé ìdajì ló ti ń wẹ̀ látọjọ́ yìí?” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ọ̀nà tí mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Mo lọ sílé Akínbọ̀. Àbúrò mi ni, àmọ́ mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde. Ó ní, “Bùọ̀dá, mo rò pé ìrora ìyàwó yín ni kò jẹ́ kí ẹ máa gbọ́ ìkíni mi.” Ìwé àdúrà yẹn, mo ti jó ojú ewé náà. Akínbọ̀ kì í ṣe ọmọ ìjọ yìí, ṣùgbọ́n ó bá mi wá lónìí, òun ló jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn tó ń bojú wolẹ̀. Akínbọ̀, mo ti ṣẹ̀ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, mo tọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ bá mi kí i, ẹ̀yin ará. Ẹ kí i dáadáa.

Látìgbà náà, Mọ́ńdè kan ò tún bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìgò omi odindi ni mo ń fi wẹ apá yẹn báyìí. Ó ṣì rẹ̀ mí o, mi ò ní tan yín jẹ, ara tó ti rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ kì í sinmi lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo gbé wá síwájú pẹpẹ. Kì í ṣe owó. Púpurú ni, ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín pé ó wọ́, pé ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ. Ní àná, èmi ni mo dáná, ìyàwó mi sì ní kí n jáde kúrò ní ilé ìdáná, kí n má dúró ti òun. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti parí rẹ̀. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Ọwọ́ méjèèjì ló fi mọ ọ́n.