Èmi Ni Mo Ki Ìwé Ẹja Bọ Àárín Ìwé Àdúrà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹrù kan ń bẹ lọ́kàn mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń bò ó látọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lẹ́nu mi lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni mò ń tọ́jú láíbúrárì ilé-ìwé aládàáni kan ní Mowe. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ orúkọ ìwé àti ibi tó wà sórí káàdì. Nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, ọ̀gá tó ni ilé-ìwé gbé kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n ní bí a bá ti tẹ orúkọ ìwé sí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan pẹpẹ fún un. Wọ́n gba Ṣadé, ọmọ Akute, síṣẹ́ pé kó máa lò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ara fu mí. Ohun tí kò ṣí ìwé rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ inú ìwé? Ó kó ìtàn Ìjàpá sí abẹ́ ẹ̀kọ́ ẹranko! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣadé náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún un ṣe. Mo wá ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà kó tún ṣìṣe. Kò ṣe é mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò ní kí n máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fẹ́ wá dán an wò, mo tètè dé. Ọ̀gá fúnra wọn ń sin ẹja ní Ifọ̀. Mo mọ ohun tí wọn yóò béèrè. Mo yọ ìwé ẹja kúrò ní pẹpẹ ìwé àgbẹ̀, mo kì í bọ àárín ìwé àdúrà.

Ẹja náà ni wọ́n béèrè. Ṣadé wá a títí, òógùn bò ó. Èmi ni mo “bá wọn rí i.”

“Ṣadé, ṣé ẹja ti di ajíhìnrere ni?” Bí ọ̀gá ṣe wí nìyẹn.

“Sà, mo tò ó síbẹ̀ lánàá, mo fi Ọlọ́run búra!”

Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́.

Aṣọ ló ń rán ní Asese báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kúnlẹ̀ kí mi. “Bàbá, wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́ láíbúrárì n'Íbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí níṣẹ́, ṣé mo lè ṣe é, àbí kí n má lọ dójú ti ara mi? Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú ni màá ṣe.”

Mo ṣì ń fura sí ẹ̀rọ yẹn o. Ṣùgbọ́n èmi ni mo parọ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe òun.

Mo lè kàn sọ pé, “Lọ, o mọṣẹ́,” kó sì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí: ṣé ìyẹn tó, àbí dandan ni kó mọ̀ pé èmi ni?