Ilẹ̀kùn Gáráàjì Ìyá Agbẹ̀bí

Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àwo ẹ̀yẹ yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ má tíì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ti rí ohun tí ẹ kọ sí i: "Fún Ojú Àwòdì, tó fi ogójì ọdún yẹ ilé wò láìṣe àṣìṣe kan." Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á, èmi ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ọdún kan àti oṣù méjì péré ni, òtítọ́ ti bá a lórí ìjókòó. Ẹ fara balẹ̀, kí n jẹ́wọ́ kí ojú tó tì mí padà.

Gbogbo ẹ̀yin ẹgbẹ́ ayẹléwò tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí lẹ mọ̀ mí, ìdajì yín ni mo sì kọ́ níṣẹ́. Àwọn ẹlòmíràn ń wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, àwa ń wo ilé kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Mo máa ń sọ fún yín pé kí ẹ má fojú yẹpẹrẹ wo gáráàjì, torí pé yàrá tí ọkọ̀ ń sùn ni ewu máa ń sá pamọ́ sí jù. Ẹ wo ilẹ̀ rẹ̀, ṣé ó dagẹ̀rẹ̀ síta kí omi má baà wọlé? Ẹ wo ògiri tó wà láàárín òun àti ilé ìdáná, ṣé kò sí ihò tí èéfín ọkọ̀ lè gbà wọlé lọ bá àwọn tó ń sùn? Ilẹ̀kùn kékeré tó lọ sí ilé ìdáná ńkọ́, ṣé ó ń pa ara rẹ̀ dé? Ta ló gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sókè, kí ẹ wò ó bóyá ikán ti ń jẹun lára igi àjà. Ẹ wo sípíríǹgì ilẹ̀kùn ńlá, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án, kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni igi. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ kan lélẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀kùn ńlá, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì. Bí ilẹ̀kùn bá sọ̀ kalẹ̀, tó kan igi, tó sì padà sókè, ilẹ̀kùn onílàákàyè ni. Bí ó bá kan igi tí kò padà, apànìyàn ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti lé obìnrin kan nínú yín padà sílé rí nítorí pé ó gbàgbé igi rẹ̀. Òun ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Máa rín in lọ, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, igi tèmi wà nílé, lábẹ́ tábìlì ìjẹun mi. Ẹsẹ̀ kan tábìlì náà kúrú, ó máa ń mì, ni mo bá fi igi iṣẹ́ tì í kí n lè mu tíì mi ní àlàáfíà. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ilé Tíṣà ni mo ń lọ yẹ̀ wò. Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ ń ta ilé wọn, wọ́n fẹ́ kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ wọn. Ẹni tó fẹ́ rà á, tó sì gbà mí síṣẹ́, ni Ìyá Agbẹ̀bí, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Eékún ọ̀tún máa ń dùn ún, ilé tí kò ní àtẹ̀gùn ló ń wá. Gbogbo nǹkan lọ dáadáa títí mo fi dé orí ilẹ̀kùn ńlá. Mo wá igi nínú àpò, n kò rí i. Ẹlòmíràn ì bá padà sílé lọ mú un. Ẹlòmíràn ì bá tọrọ igi lọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n ṣé Ojú Àwòdì ni yóò jáde lọ sọ pé òun gbàgbé igi? Ìgbéraga, ìwọ lo bá mi dé ibi tí mo dé yìí! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí páálí kan nílẹ̀ láàárín àwọn ẹrù tí wọ́n ti dì. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló yọrí lẹ́nu rẹ̀. Mo ní aṣọ òtútù ni. Èmi tí mo ti fi ogójì ọdún pariwo pé "ẹ tú u wò, ẹ tú u wò," n kò tú u wò.

Mo gbé páálí sábẹ́ ilẹ̀kùn, mo tẹ bọ́tìnnì. Ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, ó kan páálí, mo ń retí kó padà. Kò padà o. Ó jókòó lé e lórí bí àlejò tó ti rí àga. Mo gbọ́ "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀," lẹ́yìn náà ni ohun tó wà nínú páálí bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ó lu ẹ̀ẹ̀kan, ó lu ẹ̀ẹ̀mejì, ó lù títí ó fi dé mẹ́tàlá. Kò sí aago tó ń lu mẹ́tàlá àfi èyí tó ń kú lọ. Aago ògiri bàbá ìyàwó Tíṣà ni. Wọ́n fún bàbá náà nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀mí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó máa ń ké ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tọ̀sán-tòru, gbogbo àdúgbò ló sì ti gbọ́ tí Tíṣà ń sọ pé, "Bí aago yìí bá dé ilé tuntun, èmi kò ní dé ibẹ̀."

Kí n tó mí, mo ti gbé ilẹ̀kùn sókè, mo ti ti páálí sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ, mo sì ti gbé bírò dání bí olódodo. Ìyàwó Tíṣà já wọlé láti ilé ìdáná. "Ta ló ń lu aago bàbá mi?" Mo ní, "Ó jábọ́ láti orí pẹpẹ ni, mà." Ó ní, "Orí pẹpẹ kẹ̀? Ta ló gbé e síbẹ̀? Mo ní kí ẹ gbé e sílẹ̀!" Ọrùn mi nìkan ni mo yí, díẹ̀díẹ̀, mo sì wo Tíṣà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. N kò sọ pé òun ni o. Mo kàn wò ó ni. Ẹ ò rí i pé ìkà kò nílò ẹnu? Tíṣà aláìṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ara rẹ̀ wò. Ó ní, "Ẹrù tí mo gbé láàárọ̀ yìí pọ̀. Ó lè jẹ́ èmi." Bó ti ń sọ ọ́, tó ń wo aago tó ti dákẹ́, ẹ̀rín kékeré kan bọ́ sí i létè. Ìyàwó rẹ̀ figbe ta, "Ó ń rẹ́rìn-ín! Aago bàbá mi kú, ó ń rẹ́rìn-ín! Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i?" Mo ní, "Mo rí i, mà." Oṣù mẹ́ta gbáko ni obìnrin náà kò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àfi "gba oúnjẹ."

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìlà kẹtàdínlógún nínú ìwé àyẹ̀wò wa ń béèrè pé: bí ilẹ̀kùn gáráàjì bá kan nǹkan, ṣé ó ń padà? Bí mo bá kọ "Rárá," wọn yóò béèrè ohun tó kàn tí kò fi padà. Mo kọ "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo sì fọwọ́ sí i. Ká ní Ìyá Agbẹ̀bí kàn gba ìwé náà lọ ni, n bá ní ìwé ló pa irọ́, kì í ṣe ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ó wá bá mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, rìmóòtù ilẹ̀kùn yìí ti kú. Inú ni n ó ti máa tẹ bọ́tìnnì, kí n tó gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Eékún mi kì í sì í jẹ́ kí n yára. Ṣé kò ní sọ̀ lé mi lórí?" Mo wo ojú obìnrin yìí, tí kò ṣẹ̀ mí rí, mo ní, "Ìyá Agbẹ̀bí, bó bá wù yín, ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ sùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ra ilé náà. Ẹ̀yin ará, ìyẹn ló burú jù nínú ohun tí mo fi ẹnu mi sọ láyé.

Ọjọ́ kejì tó kó dé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀" lójú oorun. Mo mọ̀ pé aago méje àárọ̀ ló máa ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kékeré lọ kọ́ àwọn agbẹ̀bí tuntun. Ìgbà tó fi máa di aago méje, mo ti wà níwájú gáráàjì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, mà. Mo ń kọjá lọ ni. Ẹ máa jáde, èmi ni n ó bá yín tẹ̀ ẹ́." Ó jáde. Èmi, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, mo tẹ bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ba, mo sì ta kìjí gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé nídìí iṣu. Ó ní, "Ẹ ń sáré?" Mo ní eré ìdárayá ni, dókítà ló ní kí n máa ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ọjọ́ kejì, àti ọjọ́ kẹta, àti ọdún kan gbáko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣòkòtò mi ya. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Mo gbìyànjú kí n bá a wá ẹni tó máa tún ilẹ̀kùn náà ṣe, ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó dára?"

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tíì jáde, ife méjì. A ó dúró síta, a ó mu ún, yóò sọ ìtàn àwọn ọmọ tó gbà àti àwọn bàbá tó dákú. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé Ojú Àwòdì ti rí ìyàwó. Mo ń sẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n mo ti ń fi òróró pa irùngbọ̀n kí n tó jáde nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán: láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sí ibi tí ara ti tù mí tó ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Mo nífẹ̀ẹ́ obìnrin náà. Ìdí tí n kò fi lè sọ òótọ́ mọ́ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, orúkọ mi ni mo ń bẹ̀rù pé kó má bàjẹ́. Ní báyìí, tíì ni mo ń bẹ̀rù pé kó má tán.

Ìgbà náà ni ìwé yín dé, pé ẹ fẹ́ bu ọlá fún mi nítorí ogójì ọdún láìṣe àṣìṣe. Mo kà á, mo rí i pé n kò lè fi irọ́ gba ẹ̀yẹ. Àárọ̀ àná, ní aago méje, mo sọ ohun gbogbo fún un: igi, aago, Tíṣà, ìlà kẹtàdínlógún. Ó kàn ní, "Ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ má sáré." Mo ní, "Mà?" Ó ní, "Ẹ máa rìn." Mo tẹ̀ ẹ́, mo ń rìn, mo ní ẹ̀san ti dé. Ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, ó kàn mí léjìká pẹ́ẹ́, ó sì padà sókè.

Ó ti tún un ṣe! Láti Sátidé àkọ́kọ́ tó débẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn náà fọ́ garawa ìfọlẹ̀ rẹ̀, ló ti pe ẹni tó tún un ṣe. Gbogbo ọdún kan tí mo fi ń ta kìjí, ilẹ̀kùn onílàákàyè ni mo ń sá fún. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?" Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?" Ó ní, "Ọ̀gá, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ̀bí. Ohun tó bá fẹ́ jáde, a kì í fi ipá fà á. Mo kàn ń gbé omi kaná, mo ń dúró dè yín ni." Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ó kù díẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ yìn yín." Òun ló pe Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ wá síbí lónìí, àwọn ló jókòó lẹ́yìn yẹn. Ìyàwó Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀. Ọkọ yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ikú aago. Ẹ̀rín yẹn nìkan ló jẹ̀bi rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ bá a yanjú rẹ̀. Tíṣà, ẹ foríjì mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ayẹléwò, ẹ wo igi tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo yọ ọ́ lábẹ́ tábìlì láàárọ̀ yìí, tábìlì ti ń mì padà, kó máa mì. Ìwọ tí mo lé sílé lọ́jọ́sí, wá gbà á, kí o máa fi kọ́ wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé tiyín, ẹ sọ pé ẹ gbàgbé. Ìtìjú rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Alága, ẹ wá fi bíléèdì ha ìlà kejì, "láìṣe àṣìṣe kan," kúrò lára àwo yẹn kí ẹ tó fún mi, tàbí kí ẹ má fún mi mọ́.

Ìyá Agbẹ̀bí, mo ti sọ ọ́ tán lójú gbogbo wọn. Ilẹ̀kùn yín dára, kò sẹ́ni tó nílò kí n bá òun sáré lábẹ́ rẹ̀, n kò sì ní irọ́ kankan mọ́ tí n ó fi máa kọjá níwájú ilé yín. Ṣé kí n ṣì máa bọ̀ ní aago méje lọ́la?